Àwọn ìwé ẹ́sásáìsì double bass àtijọ́: kí la lè yí padà tí ò ní bà á jẹ́?

Okùn_Mẹ́rin

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ kan ń dà mí láàmú, mo sì mọ̀ pé àwọn tó ti rin ọ̀nà yìí já wà níbí. Ọdún kẹrin rèé tí mo ti ń ta double bass (béèsì, gòjé ńlá olóhùn ìsàlẹ̀ tí à ń nàró ta), bow (ọ̀pá tí wọ́n fi ń fa okùn) tí wọ́n ń dì mú látòkè ni mò ń lò. Ní bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn mo ní jẹ́ kí n padà síbi ìpìlẹ̀, mo wá mú ìwé tí Franz Simandl kọ láti fi kọ́ èèyàn ní béèsì, apá kìíní, mo bẹ̀rẹ̀ látojú ewé àkọ́kọ́, mi ò fo nǹkan kan.

Mo gbà pé ìwé ńlá ni, mi ò bú u. Ṣùgbọ́n tí n bá ti lo bí ogún ìṣẹ́jú ní half position (ibi tí ọwọ́ òsì ti sún mọ́ òkè ọrùn béèsì jù) lórí okùn E, èyí tó nípọn jù nínú E, A, D, G, báyìí, ìdí àtàǹpàkò mi á bẹ̀rẹ̀ sí í ro mí, ọmọńdinrín mi á sì gan bí igi. Tún wá wò ó, nóòtì gígùn ni gbogbo ẹ̀, gígùn gbọọrọ, tó fi jẹ́ pé tí mo bá dé inú orin gidi tó ń sáré, ọwọ́ mi ò rántí nǹkan tó kọ́ nínú ìwé. Mo tún rí àwọn ẹ́sásáìsì Bottesini, atabéèsì ọ̀rúndún 19, mo fẹ́ràn wọn gan-an, àfi pé mo ta ojú ewé márùn-ún tán kí n tó ṣàkíyèsí pé mi ò fọwọ́ kan okùn E rárá, bí ẹni pé kò sí lára béèsì.

Ìbéèrè mi ni pé, kí ni mo lè yí padà? Ṣé nọ́ńbà ìka (1 ni èyí tó tẹ̀ lé àtàǹpàkò, 4 ni ọmọńdinrín) ni àbí kíì (nóòtì tí orin dá lé), àbí kí n kàn máa ta á kíákíá? Kí ni mi ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn kí ẹ́sásáìsì ọ̀hún má di nǹkan míì?

TíṣàGbọọrọ

Okùn_Mẹ́rin, ẹ káàbọ̀. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń kọ́ èèyàn ní béèsì, Simandl yìí náà ni wọ́n fi kọ́ èmi fúnra mi. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ bi yín, ṣé ẹ ti wọn béèsì yín rí? Ẹ mú téèpù, ẹ wọn okùn láti nut (igi kékeré tí okùn gbà kọjá lókè ọrùn) títí dé orí bríìjì (igi tó gbé okùn dúró nísàlẹ̀). Ìwọ̀n béèsì tí wọ́n ń pè ní 3/4, òun sì ni ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ń lò, ó sábà máa ń wà láàrin sẹ̀ǹtímítà 104 sí 106. Tó bá jẹ́ 106, láti F dé G lórí okùn E, ìyẹn ìka 1 sí ìka 4 ní half position, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó sẹ̀ǹtímítà 11. Odindi ohùn kan péré nìyẹn o! Tẹ́ ẹ bá wá ní kí ìka kọ̀ọ̀kan mú ìdajì ohùn kọ̀ọ̀kan, 1-2-3-4 bíi ti gìtá, láti F dé G sharp (G tó ga ní ìdajì ohùn) á di bíi 16. Ọwọ́ ta ló fẹ́ máa na ìyẹn fún wákàtí kan?

Ìdí tí Simandl fi ní 1-2-4 nìyẹn. Ìka 3 ò jókòó lásán, ńṣe ló ń bá ọmọńdinrín gbé ẹrù, àwọn méjèèjì ló jọ ń tẹ okùn mọ́lẹ̀. Tí ọmọńdinrín yín bá ń gan, mo fura pé ẹ ti gbé ìka 3 kúrò lórí okùn láìmọ̀, ẹ wá ń fi èyí tó kéré jù nínú gbogbo ìka ṣe iṣẹ́ méjì. Ẹ wo inú díńgí lálẹ́ òní.

Ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ béèsì tún ṣe wo nut yẹn náà. Tí ojú ihò tí okùn jókòó sí bá ga jù, half position á le bí òkúta, ibòmíì á sì rọ̀, ìwé kọ́ lẹ̀bi ìyẹn. Kí ẹ tó ta ẹ́sásáìsì kankan, ẹ gbé àtàǹpàkò kúrò lẹ́yìn ọrùn béèsì pátápátá, kẹ́ ẹ fi ìwúwo apá nìkan tẹ okùn. Tí nóòtì bá jáde, ó túmọ̀ sí pé gbogbo fífún tí àtàǹpàkò ń fún un tẹ́lẹ̀, ẹ ò nílò ẹ̀.

Tèmi ni pé kẹ́ ẹ má fọwọ́ kan nọ́ńbà ìka. Wọ́n ti dán an wò ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ.

ÀdùkẹBass

Ẹ má bínú o Tíṣà, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n mi ò lè fara mọ́ "ẹ má fọwọ́ kan nọ́ńbà ìka" yẹn. Ọwọ́ tèmi kéré, odindi ọdún méjì ni mo fi gbìyànjú kí n ta Simandl bó ṣe wà, ohun tí mo sì kọ́ jù níbẹ̀ ni pé mo máa ń bẹ̀rù half position. Ìgbà tí mo bọ́ sí ọ̀nà François Rabbath ni ara tó tù mí.

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé fún àwọn tí ò mọ̀ ọ́n. Ọwọ́ Simandl dà bí àga, o gbé e kalẹ̀ síbì kan, o ta nóòtì mẹ́ta, o gbé e nílẹ̀, o tún gbé e kalẹ̀ síbòmíì. Ìdí nìyẹn tí pòsíṣọ̀n ẹ̀ fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, half, first, second, èyí tó wà láàrin second àti third, third, ó ń lọ bẹ́ẹ̀ ni. Rabbath ní tiẹ̀, mẹ́fà péré ló pín gbogbo fingerboard (pátákó tí ìka ń tẹ okùn mọ́) sí, torí pé àtàǹpàkò lè dúró sójú kan kí ọwọ́ máa yí lórí ẹ̀, bí ilẹ̀kùn ṣe ń yí lára férémù. Ẹ gbìyànjú ẹ̀ lórí okùn G: ìka 1 sí A, ẹ fi àtàǹpàkò sílẹ̀ níbi tó wà, kí ọwọ́ yí díẹ̀ sísàlẹ̀, ìka 2 á bọ́ sórí B, ìka 4 á bọ́ sórí C. A, B, C, ẹ ò gbé ọwọ́ kúrò níbì kankan. Lórí okùn 106 yẹn, bíi sẹ̀ǹtímítà 15 lẹ rìn láìna ìka kankan, ìka 1 fi A sílẹ̀ ni, kò dúró síbẹ̀ kó máa fà.

Ohun tí mò ń ṣe sí ìwé Simandl báyìí ni pé mo ra pẹ́ńsùlù, mo ń lọ láti ẹ́sásáìsì dé ẹ́sásáìsì, ibi tó bá ti ní kí n ṣí ọwọ́ kúrò torí nóòtì kan péré kí n sì tún padà wá, mo máa fi yíyí yẹn rọ́pò ẹ̀. Orin ò yí padà, ohùn ò yí padà, ọwọ́ nìkan ló yàtọ̀.

Ìró_Ìsàlẹ̀

Ní tòun ti Bottesini, ẹ pa á tì jàre. Fifths (okùn kọ̀ọ̀kan jìnnà sí èkejì ní nóòtì márùn-ún) ló fi ń tún okùn ẹ̀ bíi violin, nọ́ńbà ìka ẹ̀ ò lè bá béèsì òde òní mu láéláé.

Akọ̀tàn_Okùn

Rárá o, Ìró_Ìsàlẹ̀, ẹ ti pa nǹkan méjì pọ̀. Béèsì olókùn mẹ́ta ló gbòde kan ní apá tó pọ̀ nínú ọ̀rúndún 19, ìyẹn lòótọ́. Àmọ́ ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà tún un. Àwọn ará Faransé ló ń lo G, D, A, ìyẹn fifths. Ní Ítálì àti England, A, D, G ni, ìyẹn fourths (nóòtì mẹ́rin síra), bíi ti òde òní gan-an, wọ́n kàn yọ E kúrò ni. Giovanni Bottesini (1821 sí 1889), ọmọ Crema ní Ítálì, fourths ló ń lò, béèsì olókùn mẹ́ta tí Carlo Antonio Testore ṣe ní 1716 ló sì fi ń ta. Ó tún máa ń fa okùn náà ga ju bó ṣe yẹ lọ kí ohùn ẹ̀ lè tàn nígbà tó bá ń dá ta. Domenico Dragonetti tó ṣáájú ẹ̀, olókùn mẹ́ta lòun náà ń lò.

Okùn_Mẹ́rin, ìdí tẹ́ ẹ fi ta ojú ewé márùn-ún láìfọwọ́ kan E nìyẹn. Ọkùnrin yẹn ò ní okùn E! Ọ̀nà àbáyọ ẹ̀ sì rọrùn. Torí pé fourths ló wà láàrin gbogbo okùn wa, ẹ gbé gbogbo ẹ́sásáìsì náà sọ̀kalẹ̀ sórí okùn tó kàn. Ohun tó kọ fún G, D, A, ẹ ta á lórí D, A, E. Nọ́ńbà ìka kan náà, pòsíṣọ̀n kan náà, ó kàn lọ sílẹ̀ ní fourth ni. Ẹ ò ní nílò láti tún nóòtì kankan kọ tẹ́ ẹ bá lè ka ìka dípò nóòtì. Ẹ ta á lẹ́ẹ̀kan bó ṣe wà, kẹ́ ẹ wá ta á lẹ́ẹ̀kejì nísàlẹ̀. Iṣẹ́ tí bow máa ṣe nísàlẹ̀ yẹn yàtọ̀ pátápátá, okùn E nípọn, ohùn ẹ̀ máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó jí, ẹ ó rí i pé bow gbọ́dọ̀ rìn pẹ̀lẹ́, kó sì wúwo díẹ̀ sí i.

Nǹkan míì nípa nọ́ńbà ìka. Tíṣà sọ̀rọ̀ bí ẹni pé 1-2-4 nìkan ló wà látijọ́. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn ará Ítálì ń lo 1-3-4, ẹ lọ wo ìwé Isaia Billè, ìka 3 ló máa ń wà láàrin níbẹ̀, kì í ṣe ìka 2. Iléèwé orin Prague, tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ní 1811, ni ọ̀nà Simandl ti wá: Wenzel Hause ló kọ́kọ́ kọ́ béèsì níbẹ̀, ó kọ́ Josef Hrabě, Hrabě kọ́ Simandl, Simandl wá lọ ń kọ́ èèyàn ní Vienna láti 1869 di 1910. Ìdílé kan nìyẹn. Ìdílé míì wà tí wọ́n ń jẹun kan náà pẹ̀lú ọwọ́ míì.

TíṣàGbọọrọ

Mo gbà, Akọ̀tàn. Mi ò sọ pé ọ̀nà kan péré ló wà, ohun tí mò ń sọ ni pé kí èèyàn má da méjì pọ̀ kí ọ̀kan tó wọ̀ ọ́ lára. Mo ti rí akẹ́kọ̀ọ́ tó fi 1-3-4 ta okùn G, tó fi 1-2-4 ta okùn D, nígbà tó dé ibi tó yára, ọwọ́ ẹ̀ ò mọ ibi tó ń lọ mọ́, gbogbo nóòtì àárín ni ohùn wọn ń ga ju bó ṣe yẹ lọ.

Àdùkẹ́, lórí yíyí ọwọ́ yẹn, mi ò kórìíra ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ò tíì mọ ibi tí ìdajì ohùn wà lábẹ́ ìka ẹ̀, tó bá ti ń yí ọwọ́, ohùn ẹ̀ máa ń yọ̀ ni, ó máa rò pé òun dé C, C ò sì tíì dé. Ìyẹn ni mo ṣe ń fi àga síwájú ilẹ̀kùn.

ÀdùkẹBass

Ẹ ṣé Tíṣà, ìyẹn yé mi, ó sì tọ́ pé ohùn lè yọ̀. Mo máa ń ta G òfìfo (okùn tí ìka kankan ò tẹ̀) mọ́ ọn láti fi yẹ̀ ẹ́ wò ni.

Okùn_Mẹ́rin

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín, orí mi ti ń là díẹ̀díẹ̀. Tíṣà, mo wọn ọ́n, 105.5 ló jẹ́. Mo sì wo díńgí, òótọ́ lẹ sọ, ìka 3 mi dúró lókè bí ẹni tó ń wòran. Ẹ jọ̀ọ́ kí ni mo máa ṣe sí ti nóòtì gígùn yẹn? Ẹnì kan tún fún mi ní ìwé ẹ́sásáìsì Kreutzer ti violin pé kí n máa fi kọ́ bow, ṣé ó bọ́gbọ́n mu?

ÌlàẸ̀yìn

Inú ẹgbẹ́ olórin ńlá ni mo ti ń ta béèsì, ojoojúmọ́ ni mo sì ń ṣí àwọn ìwé yìí, torí náà ẹ jẹ́ n sọ bí mo ṣe ń lò wọ́n, ó máa gùn díẹ̀, ẹ fara dà á.

Mi ò kí í ka ẹ́sásáìsì àtijọ́ bí orin. Mo máa ń bi í pé, iṣẹ́ wo ni wọ́n rán ọ? Gbogbo wọn ló níṣẹ́ kan, kò ju ẹyọ kan tàbí méjì lọ. Èyí jẹ́ ti ṣíṣí ọwọ́ láti first lọ sí third, èyí jẹ́ ti kí bow fo okùn kan kọjá. Iṣẹ́ yẹn ni mi ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn. Gbogbo yòókù, kíì ni o, ìyára ni o, slur (kí bow kan gbé nóòtì mélòó kan) ni o, gígùn nóòtì ni o, mo lè yí i bó ṣe wù mí. Ẹ mú F major ní ìsàlẹ̀ pátápátá bí mo ṣe ń ta á. F ìka 1, G ìka 4, A òfìfo, B flat ìka 1, C ìka 4, D òfìfo, gbogbo ìyẹn ní half position, lẹ́yìn náà ọwọ́ á sún ìdajì ohùn péré sí first, E ìka 1, F ìka 2. Kí ni iṣẹ́ ẹ̀? Sísún kékeré yẹn láàrin D àti E ni! Kò sì ṣòro torí D jẹ́ òfìfo, ọwọ́ lè rìn nígbà tí okùn ń dún. Ẹni tó bá ta gbogbo ẹ̀ ní nóòtì gígùn kò ní ṣàkíyèsí ẹ̀ rárá. Torí náà mo máa ń gé e, mo máa ta C, D, E, F nìkan, lọ síbẹ̀ padà sẹ́yìn, nóòtì méjì fún bow kan, lẹ́yìn náà mẹ́rin fún bow kan, metronome (ẹ̀rọ tó ń ka ìlù) ní 60, mo máa ń gbọ́ bóyá ohùn kankan yọ nígbà tí ọwọ́ ń sún. Ìgbà tó bá mọ́ ni mo máa fi yòókù sí i.

Nóòtì gígùn ò burú o, ẹ má jù wọ́n nù. Ẹ rántí pé okùn tí wọ́n ṣe látinú ìfun ẹran ni wọ́n fi kọ ìwé yẹn, okùn irin ò gbilẹ̀ títí di àárín ọ̀rúndún 20. Okùn ìfun nípọn, ó ga kúrò lórí fingerboard, bow ní láti bá a ṣe ìjàkadì kó tó dún dáadáa, nóòtì gígùn lèèyàn sì máa fi kọ́ ìjàkadì yẹn. Okùn irin yín máa ń dún bí bow bá ṣe kàn án, ohun tí nóòtì gígùn wá wúlò fún lónìí ni gbígbọ́ ohùn, kẹ́ ẹ jẹ́ kí fóònù máa dún F kan nísàlẹ̀, kẹ́ ẹ ta scale (nóòtì tó ń gòkè tẹ̀ léra) lé e lórí, kẹ́ ẹ gbọ́ bí nóòtì kọ̀ọ̀kan ṣe ń jókòó tì í. Báà mẹ́jọ báyìí tó.

Ní ti Kreutzer. Ìwé tó dáa ni, etude (ẹ́sásáìsì tí wọ́n kọ bí orin) 42 ló wà nínú ẹ̀, Simandl fúnra ẹ̀ ti tún díẹ̀ nínú wọn kọ fún béèsì. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra. Ọwọ́ violin lójú kan máa ń gba fourth láti ìka 1 dé ìka 4, okùn ẹ̀ sì jẹ́ fifths, torí náà ó lè ta scale láti okùn dé okùn láìṣí ọwọ́ rárá. Tiwa, odindi ohùn kan péré ni ọwọ́ ń gbà. Etude kejì yẹn tó wà ní C major, tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ violin fi ń kọ́ bow, tẹ́ ẹ bá gbé e sórí béèsì bó ṣe wà, ó ti di ẹ́sásáìsì ṣíṣí ọwọ́ nìyẹn, bow ti sá kúrò níbẹ̀. Ẹ ó wá máa rò pé bow yín ló burú nígbà tó jẹ́ pé ọwọ́ òsì ló ń pẹ́ dé. Tó bá jẹ́ bow lẹ fẹ́ kọ́, ẹ mú báà mẹ́rin péré, ẹ kọ́kọ́ ta á ní pizz (kẹ́ ẹ fi ìka fa okùn, láìlo bow) títí ọwọ́ òsì á fi mọ̀ ọ́n láìronú, ìgbà yẹn ni kẹ́ ẹ tó gbé bow sí i, ní ìlàjì ìyára tí violin ń lò.

Ẹni tó bá ní extension (àfikún tó mú okùn E gùn sí i) tó dé C ìsàlẹ̀, tàbí béèsì olókùn márùn-ún, ìwé yẹn ò ní nǹkan kan fún yín nísàlẹ̀ E, ẹ ní láti fọwọ́ ara yín kọ ọ́.

Ìka_Lásán

Èmi ò lo bow, jazz ni mò ń ta. Mo kàn fẹ́ sọ pé àwọn etude Hrabě, ìyẹn 86 yẹn, dùn fún pizz ju bí èèyàn ṣe rò lọ. Ohun tí mò ń ṣe ni pé mo máa ń yọ gbogbo slur kúrò, mo máa ń fi nóòtì tó bọ́ sórí ìlù kejì àti ìkẹrin lágbára díẹ̀. Ọwọ́ òsì mi ti dáa sí i ju kí n máa ta scale lásán lọ. Nóòtì tó gùn, mo máa ń jẹ́ kó dún títí nóòtì tó kàn á fi gbà á lọ́wọ́ ẹ̀, mi ò kí í gé e.

Ẹni_Ọ̀la

Ẹ jọ̀ọ́ kí a má fo ọ̀rọ̀ ìrora tí Okùn_Mẹ́rin kọ́kọ́ sọ. Ìdí àtàǹpàkò tó ń ro èèyàn lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú kì í ṣe ọ̀rọ̀ nọ́ńbà ìka nìkan. Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́, olùkọ́ tí mo ní nígbà yẹn ní kí n fara dà á, pé ọwọ́ á le nígbà tó bá yá. Ọwọ́ ò le. Ọmọńdinrín àti ìka ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ sí í kú tipiri lóru, mi ò lè di kọ́ọ̀pù mú láàárọ̀, oṣù márùn-ún gbáko ni mi ò fi ta nóòtì kan.

Ohun tó mú mi padà ni pé mo yí ètò ìwé yẹn padà sẹ́yìn. Simandl bẹ̀rẹ̀ ní half position, ibẹ̀ sì ni ìka ti ń jìnnà síra jù. Ní fourth position lórí okùn G, láti D dé E, odindi ohùn kan náà ò ju bíi sẹ̀ǹtímítà 8 lọ. Ìyàtọ̀ tó wà láàrin 11 àti 8, ọwọ́ yín á mọ̀ ọ́n. Èmi máa ń mú ẹ́sásáìsì half position, mo máa gbé e lọ sí fourth, mo ta á níbẹ̀ títí ọwọ́ á fi rọ̀, lẹ́yìn náà mo máa sọ ọ́ kalẹ̀ ní ìdajì ohùn kan lójúmọ́. Ó máa ń gba ọ̀sẹ̀ kan kí n tó padà dé half, nígbà tí mo bá fi máa débẹ̀, ọwọ́ ti mọ ìrísí ẹ̀, kì í ṣe nínà ló ń ṣe mọ́.

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni, kẹ́ ẹ gbé béèsì kalẹ̀, kẹ́ ẹ ju apá sílẹ̀ gbọọrọ, kẹ́ ẹ tó padà. Tí ìka bá ń kú tipiri tàbí ìrora bá tẹ̀ lé yín dé orí ibùsùn, ẹ lọ rí dókítà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé bí béèsì ṣe rí nìyẹn.

TíṣàGbọọrọ

Ẹni_Ọ̀la, ẹ kú ìfaradà, ẹ ṣeun tẹ́ ẹ sọ ọ́ síta. Ẹ jẹ́ n jẹ́wọ́ pé èmi náà ti sọ "fara dà á" fún akẹ́kọ̀ọ́ rí, mi ò sì ní sọ ọ́ mọ́. Bíbẹ̀rẹ̀ ní fourth position yẹn, mo máa dán an wò pẹ̀lú àwọn ọmọdé tó wà lọ́wọ́ mi. Ohun kan tó tún dára níbẹ̀ ni pé ní fourth, àtàǹpàkò á kan ìdí ọrùn béèsì, ọmọ á mọ ibi tí òun wà láìwo ìka.

Àmọ́ o, ẹni tó bá pẹ́ jù lókè yẹn kò ní fẹ́ sọ̀kalẹ̀ mọ́. Ẹgbẹ́ olórin ń gbé nísàlẹ̀, okùn E àti okùn A níbẹ̀ niṣẹ́ wà.

Akọ̀tàn_Okùn

Mo tún fẹ́ fi èyí sí i fún ẹni tó bá fẹ́ lọ ju Simandl lọ sẹ́yìn. Àwọn concerto (orin tí ẹnì kan ń dá ta pẹ̀lú ẹgbẹ́ olórin) Vienna ti ọ̀rúndún 18, ti Dittersdorf, Vanhal, Sperger, tó ń kún fún arpeggio (nóòtì kọ́ọ̀dù tí wọ́n ń ta lọ́kọ̀ọ̀kan) D major tó ń fò kiri, ẹ má lọ fi wọ́n ṣe ẹ́sásáìsì kẹ́ ẹ wá máa bínú sí ọwọ́ yín. Béèsì tí wọ́n kọ wọ́n fún, F, A, D, F sharp, A ni okùn ẹ̀, ó sì ní fret (ìlà tó pín ọrùn bíi ti gìtá). D major fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lórí okùn òfìfo fún wọn. Ohun tó jẹ́ ìsinmi fún ọwọ́ ẹni yẹn ló di gígun òkè fún tiwa. Ẹ yan báà méjì méjì nínú ẹ̀, ẹ wá ibi tí ẹ lè fi àtàǹpàkò tẹ okùn méjì pọ̀ lókè, ibẹ̀ nìkan ló ti ń bọ́ sọ́wọ́ díẹ̀. Ní ti òkè yẹn, ìwé Francesco Petracchi tó pín ìrísí ọwọ́ sí mẹ́ta wúlò ju apá kejì Simandl lọ lójú tèmi.

Ẹni tó bá sì fẹ́ tún ẹ́sásáìsì kọ kó pín in fún ẹlòmíì, ẹ fiyè sí irú ẹ̀dà tẹ́ ẹ mú. Simandl ti kú láti 1912, ohun tóun fọwọ́ ara ẹ̀ kọ ti di ti gbogbo ayé, ẹ̀dà àtijọ́ wà lórí IMSLP (ìkànnì àwọn ìwé orin àtijọ́). Àmọ́ nọ́ńbà ìka àti slur tí olóòtú ìgbà tiwa fi sí ẹ̀dà tuntun, tiẹ̀ nìyẹn, ẹ má dà á kọ kẹ́ ẹ máa pín in. Ẹ tún máa rí i nígbà míì pé nọ́ńbà tí ẹ ń bá jà kì í ṣe ti Simandl rárá, olóòtú ló fi síbẹ̀.

ÀdùkẹBass

Ìyẹn dáa o! Mo ti lọ wò ó. Ibì kan tí mo ti ń bá Simandl jà láti ọdún mẹ́ta, kò sí nọ́ńbà kankan níbẹ̀ nínú ẹ̀dà àtijọ́.

Okùn_Mẹ́rin

Ẹ kú àtijọ́ o. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti kọjá, mo ní kí n wá jábọ̀ fún yín torí ẹ ṣe mí lóore tó pọ̀.

Mo gbé béèsì lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tún un ṣe, ó ní nut ga jù lábẹ́ okùn E àti A, ó rẹ́ ẹ sílẹ̀ díẹ̀. Mo ya ojú ewé half position ní fọ́tòkọ́pì, mo fi ìwé gan-an sílẹ̀ láìkọ nǹkan sí i. Lórí fọ́tòkọ́pì náà, mo kọ iṣẹ́ tí wọ́n rán ẹ́sásáìsì kọ̀ọ̀kan sí orí ẹ̀ ní gbólóhùn kan bí ÌlàẸ̀yìn ṣe sọ, mẹ́ta wà tí mi ò rí iṣẹ́ wọn, mo pa wọ́n tì fúngbà díẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ ní fourth, mo ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. First ni mo wà báyìí, mi ò tíì padà dé half. Àtàǹpàkò ò ro mí mọ́ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mi ò sì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá láìsinmi.

Bottesini tí mo gbé sọ̀kalẹ̀ sórí D, A, E yẹn, háà, bow mi ò mọ nǹkan kan nísàlẹ̀ yẹn tẹ́lẹ̀! Nóòtì àkọ́kọ́ lórí E máa ń dún "fúù" kó tó dún gidi. Mo ń ta nóòtì kan ṣoṣo yẹn ní bí ogún ìgbà láàárọ̀ kí n tó bẹ̀rẹ̀, ó ti ń jí kíákíá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mi ò tíì fọwọ́ kan Kreutzer.

Ó ku ìbéèrè kan. Ọwọ́ tí wọ́n ń gbà dì bow mú nísàlẹ̀, ti àwọn ará Jámánì, ni àwọn Simandl ń lò. Tèmi jẹ́ ti òkè. Ṣé ó yẹ kí n yí àmì bow inú ìwé padà?

ÌlàẸ̀yìn

Rárá, down-bow ṣì ni down-bow, ìdí bow ló ti ń bẹ̀rẹ̀ nínú méjèèjì, ẹ ta àmì yẹn bó ṣe wà. Ibi kan ṣoṣo tẹ́ ẹ máa fojú sí ni tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ ta nóòtì kúkúrú púpọ̀ ní orí bow pátápátá, ẹ sún wọn wá sí àárín díẹ̀, kẹ́ ẹ máa gbọ́ bóyá okùn E ṣì ń dún "fúù" yẹn. Tó bá ṣì ń dún bẹ́ẹ̀, ẹ dín ìrìn bow kù kẹ́ ẹ tó fi ìwúwo kún un.